Èso Tó Di Òkúta ní Etíkun Sheppey: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Máa Ṣà Wọ́n

Níbi tí odò Thames ti ń wọ inú òkun, ní àríwá Kent, erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Sheppey. Òkè amọ̀ ló wà ní etíkun rẹ̀ lápá àríwá, òkè náà sì ń wó díẹ̀díẹ̀. Inú amọ̀ tó wó yẹn ni èso àti hóró igi àtayébáyé ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Chatham, Gillingham àti gúúsù London kò jìnnà síbẹ̀ rárá, àwọn tó sì mọ̀ pé mo máa ń lọ kì í yé bi mí léèrè. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí rèé, àti èsì mi.

Kí ni ẹ ń wá níbẹ̀ gan-an?

Èso, hóró, àti ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ tó ti di fọ́sìlì, ìyẹn ohun alààyè àtijọ́ tó ti di òkúta. Amọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní London Clay, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 50. Ní àsìkò yẹn, òkun ló bo ibi tí London wà lónìí, ooru pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ fíìfíì, igbó kìjikìji ló sì wà ní bèbè omi. Odò á wọ́ èso tó já bọ́ lọ sínú òkun, èso á léfòó títí omi yóò fi wọ inú rẹ̀, á wá rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Irú èso àti hóró tí wọ́n ti sọ lórúkọ láti inú amọ̀ yìí lé ní 300.

Ẹ ó rí eyín ẹja ekurá pẹ̀lú, àti akàn, àti egungun ẹja. Àwọn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń torí ẹ̀ lọ. Ní tèmi, hóró igi ló wù mí jù, nítorí eyín ekurá kan náà wà ní ọ̀pọ̀ etíkun ayé, ṣùgbọ́n ibi tí èso odindi igbó kan ti dúró báyìí kò pọ̀.

Báwo ni èso ṣe ń di òkúta?

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun yẹn kò ní ọ́síjìn. Àwọn bakitéríà tí kì í lo ọ́síjìn ló ń jẹ ara èso náà. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń yí imí ọjọ́ tó wà nínú omi òkun padà, èyí tí wọ́n yí padà yìí á sì lẹ̀ mọ́ irin inú ẹrẹ̀. Àpapọ̀ irin àti imí ọjọ́ yìí ni páíráìtì, òkúta tó wúwo, tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti wúrà. Á kún inú sẹ́ẹ̀lì èso náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí èso tó rà tán. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gé hóró kan tí wọ́n fi maikirosíkóòpù wò ó, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì lè hàn kedere.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ páíráìtì yìí sọ́kàn. Ohun tó tọ́jú èso náà láti ayébáyé ni yóò tún bà á jẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹ ò bá mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ṣé igi tí a mọ̀ ni wọ́n?

Igi náà gan-an ti kú tán láyé, ṣùgbọ́n ẹbí wọn ṣì wà, a sì mọ púpọ̀ nínú wọn. Ẹbí máńgòrò, kajú àti ìyeyè wà nínú amọ̀ yìí. Ẹbí iṣin wà níbẹ̀. Ẹbí èèrù tí a ń fi sínú ọbẹ̀ àti àgbo wà níbẹ̀. Ẹbí àjàrà náà wà. Iodes, igi tó máa ń fà gun orí igi mìíràn, ṣì wà nínú igbó Áfíríkà àti Éṣíà títí dòní, hóró àwọn ìbátan rẹ̀ sì wà ní Sheppey.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni èso ọ̀pẹ kan tó ń jẹ́ Nypa. Lóde òní, inú ẹrẹ̀ ibi tí omi iyọ̀ ti pàdé omi odò ni ọ̀pẹ yìí ń gbé, ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Bí ẹ bá rí èso Nypa ní Kent, ẹ mọ̀ pé etíkun ibẹ̀ ti rí bí etíkun Malaysia ṣe rí nísinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ Nypa kan àwa náà. Ní 1906, wọ́n mú Nypa láti Singapore wá gbìn sí Calabar. Ó ti gbilẹ̀ ní Niger Delta báyìí, ó ń lé àwọn igi ẹrẹ̀ ibẹ̀ kúrò, àwọn apẹja sì ń ké. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní àlejò, bẹ́ẹ̀ ó ti gbé ilẹ̀ yẹn rí: àtíkè òdòdó rẹ̀ tó ti di fọ́sìlì wà nínú àpáta Nàìjíríà tó ti pẹ́ tó ti Sheppey, àwọn mìíràn tilẹ̀ pẹ́ jù ú lọ. Ó wà níbẹ̀, ó kú tán níbẹ̀, kí ọmọ èèyàn tó tún lọ mú un wá. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn èso Nypa ju gbogbo ohun tí mo ti ṣà ní etíkun yẹn lọ.

Ta ló kọ́kọ́ kà wọ́n sí nǹkan?

Páíráìtì fúnra rẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣà. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n ti ń kó o lọ sí ìlú Queenborough, wọ́n ń fi ṣe copperas, èròjà tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró dúdú tí wọ́n sì fi ń ṣe tàdáwà. Àwọn obìnrin àti ọmọdé tó ń ṣa páíráìtì yìí ló ń rí èso. Wọ́n ń pe èso Nypa ní ọ̀pọ̀tọ́ tó di òkúta.

Ní 1757, dókítà kan tó ń jẹ́ James Parsons kọ̀wé nípa wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni James Scott Bowerbank dé. Ilé iṣẹ́ ọtí ni ẹbí rẹ̀ ní ní London, ìgbafẹ́ ni fọ́sìlì jẹ́ fún un, síbẹ̀ òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ London Clay Club sílẹ̀ ní 1836, ó sì gbé ìwé jáde lórí èso Sheppey ní 1840. Ẹgbẹ́ yẹn ló bí Palaeontographical Society, ẹgbẹ́ tó ń tẹ ìwé lórí fọ́sìlì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1847, tó sì wà títí di òní.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà dójú àmì ni obìnrin méjì: Eleanor Reid àti Marjorie Chandler. Opó ni Reid. Ọkọ rẹ̀ Clement, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ hóró àtijọ́, kú ní 1916. Ní 1920 ni Chandler wá bá a ṣiṣẹ́. Inú ilé Reid ní abúlé Milford-on-Sea ni wọ́n ti ń yẹ hóró wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ hóró igi òde òní, títí ìwé ńlá wọn fi jáde ní 1933. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa èso London Clay lónìí, orí iṣẹ́ wọn ló ń tẹ̀ lé.

Báwo ni mo ṣe lè débẹ̀ láti London?

Ọkọ̀ ojú irin láti Victoria dé Sittingbourne, kí ẹ bọ́ sí èyí tó ń lọ sí Sheerness, kí ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Minster. Bí ẹ bá ní mọ́tò, A249 ni kí ẹ gbà kọjá lórí afárá gíga tí wọ́n ṣí ní 2006. Láti etíkun Minster, ẹ máa rìn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Warden Point wà ní òpin ọ̀hún, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ ibẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kì í ṣe ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń gbà.

Ṣé òfin gbà mí láàyè?

Ìjọba ti ya òkè àti etíkun yẹn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tó ṣe pàtàkì fún ìmọ̀. Ẹ ṣa èyí tí òkun ti fọ̀ jáde sílẹ̀ o, kò sí ẹni tí yóò dá yín dúró. Ẹ má gbẹ́ òkè. Ẹ má gbé ṣọ́bìrì lọ, ẹ má gbé òòlù lọ. Òkun ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, èyí tó bá sì bọ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣà, ìgbì ni yóò fọ́ ọ túútúú.

Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ó wà, mi ò sì ní fi bò fún ẹnikẹ́ni.

Èkíní ni òkè. Amọ̀ ni, kì í ṣe àpáta, nítorí náà ó máa ń ya lulẹ̀ láìkìlọ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ní 2020, ilé kan ní Eastchurch, ní etíkun yìí kan náà, bá ilẹ̀ tó wó lọ sísàlẹ̀. Ẹ má jókòó sábẹ́ òkè láti jẹun, ẹ má sì gùn ún nítorí ohunkóhun.

Èkejì ni ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ tó ṣàn láti òkè wá sójú etíkun máa ń gbẹ lójú, ẹ ó rò pé ilẹ̀ gidi ni, ẹsẹ̀ á sì wọlé dé orúnkún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi igi dán an wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹ yí i ká lápá òkun.

Ẹ̀kẹta ni òkun. Bó bá kún, ó lè dé ẹsẹ̀ òkè kí ọ̀nà àbọ̀ sì dí. Ẹ wo àkókò tí òkun ń fà àti èyí tó ń kún kí ẹ tó kúrò nílé. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbéra nígbà tó ń fà lọ, kí ẹ sì ti kọjú sílé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ẹ má dá lọ. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 999 ni, Coastguard ni kí ẹ béèrè.

Kí ni kí n mú dání?

Bàtà rọ́bà. Tìmùtìmù fún orúnkún. Ike kékeré tó ní ìdérí, pẹ̀lú òwú nínú rẹ̀ kí hóró má máa gbá ara wọn. Ẹ̀mú tín-ín-rín, awò tó ń mú nǹkan tóbi, bírò àti ìwé. Aṣọ òtútù tó nípọn, nítorí ìgbà òtútù lẹ́yìn ìjì ni hóró máa ń pọ̀ jù nílẹ̀.

Mo débẹ̀, òkúta nìkan ni mò ń rí. Báwo ni mo ṣe máa mọ hóró?

Ìbéèrè tó dára jù nìyí, ìdáhùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún. Ẹni tó bá dúró lóòró kò ní rí nǹkan kan. Òkun máa ń kó ohun tó wúwo jọ sójú kan, nítorí náà ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti dúdú tó sì ń dán wínníwínní láàárín iyanrìn: páíráìtì ló kóra jọ síbẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ sí ojú kan yẹn, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ojú kì í tètè mọ́ ọn. Lẹ́yìn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sọ́tọ̀.

Ẹ̀ka igi ló pọ̀ jù: rogodo gígùn, ìlà ń lọ lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Páíráìtì lásán ni èyí tí kò ní ẹ̀gbẹ́ tó bá ara wọn mu. Hóró yàtọ̀. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awò. Ẹ wá ìlà tó pín in sí ọgbọọgba, ẹ wá ojú kékeré níbi tó ti so mọ́ igi. Hóró ẹbí àjàrà ní kòtò wẹ́wẹ́ méjì níkùn, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àmì roboto kan sì wà lẹ́yìn. Ti Iodes fẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ní ìlà tó gbé sókè tó hun ara wọn bí àwọ̀n. Àwọn kan ká kọ́rọ́bọ́tọ́ bíi pátákò ẹṣin. Igi tó ń fà ni tiwọn náà. Èyí tí àwọn aṣàwárí ń pè ní hóró kọfí, Wetherellia lórúkọ rẹ̀ gan-an, kò ní ìbátan kankan pẹ̀lú kọfí. Ó máa ń là sí awẹ́, awẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ nínú, ó sì yọ gọ̀ngọ̀ lẹ́yìn.

Èso Nypa tóbi ju gbogbo wọn lọ. Àwọn kan tó ẹyin ẹyẹlé, àwọn kan ju ìkúùkù lọ. Igun ń bẹ lára rẹ̀ láti orí dé ìdí, èèpo rẹ̀ sì dà bíi ti igi.

Ẹ ṣọ́ra fún hóró òde òní. Èèyàn ń jẹ èso létíkun, wọ́n ń sọ hóró rẹ̀ nù, òkun á yí i títí yóò fi dúdú. Ìwúwo ló ń tú u fó. Hóró páíráìtì máa ń wọ ọwọ́ ní ìsàlẹ̀. Ti òde òní fúyẹ́, ó sì máa ń léfòó bí ẹ bá sọ ọ́ sómi.

Àwọn wo ló ṣọ̀wọ́n?

Hóró kọfí àti Nypa kò ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá ní sùúrù yóò rí wọn. Hóró tó kéré bí ìdí abẹ́rẹ́ ló ṣọ̀wọ́n, nítorí pé ojú ń fò ó, òkun sì ń gbé e lọ. Òdòdó ṣọ̀wọ́n ju hóró lọ. Ọ̀pọ̀ nínú irú tí Reid àti Chandler sọ lórúkọ ló jẹ́ pé ẹyọ kan tàbí ìwọ̀nba ẹyọ díẹ̀ ni wọ́n rí. Ìyẹn ni pé hóró tí ẹ kò mọ̀, tó wà nínú ike yín nílé, lè jẹ́ ohun tí mùsíọ́mù ń wá.

Kí ni kí n ṣe bí mo bá délé?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ ti parí létíkun. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin bá kan páíráìtì, ó ń yí padà, ó ń di iyọ̀ irin àti ásíìdì. Ẹ ó kọ́kọ́ rí ìyẹ̀fun funfun tàbí èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òórùn imí ọjọ́ á máa jáde bí ẹ bá ṣí ike. Hóró á là, ìwé tí ẹ fi sí i á jóná láìsí iná, tó bá sì yá, eérú nìkan ló kù. Ó lè gba oṣù díẹ̀, ó lè gba ọdún mélòó kan. Bí ọ̀rinrin inú yàrá bá kọjá ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń yára. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ará ayé Bowerbank kó jọ ló ti lọ báyẹn, bẹ́ẹ̀ a kò lè rí wọn ṣà lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí mo ń ṣe rèé. Bí mo bá ti délé, mo máa fọ hóró nínú omi ẹ̀rọ, mo máa pààrọ̀ omi náà léraléra kí iyọ̀ òkun lè kúrò, mo sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ gbo amọ̀ ara rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni gbígbẹ, kó gbẹ dénú. Àwọn kan máa ń rì í sínú acetone, omi tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà èékánná, fún ìgbà díẹ̀ kí omi inú rẹ̀ lè jáde. Ẹ ṣí fèrèsé bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn. Bó bá ti gbẹ, mo máa gbé e sínú ìgò kékeré, mo máa bu silicone oil bò ó mọ́lẹ̀, mo sì máa dé e pa. Òróró yìí mọ́ gaara, ẹ ṣì lè wo hóró nínú ìgò, ó sì ń dènà afẹ́fẹ́. Mùsíọ́mù pàápàá ń lò ó.

Ẹni tí kò bá ní òróró lè lo ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré oníhóró tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun. Ó ń fa ọ̀rinrin mu, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀. Fáníìṣì kò gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí ìyẹ̀fun bá sì ti wà lára ọ̀kan, ẹ yà á kúrò láàárín àwọn tó kù lọ́jọ́ náà.

Èrò mi ni pé ẹ má ṣà ju èyí tí ìgò àti òróró yín lè gbà lọ. Kí èèyàn kó garawa kan wálé kó lọ jẹrà nínú gáréèjì, ìparun ni.

Ṣé ó pọn dandan kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀?

Ó pọn dandan. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i, kì í ṣe “Sheppey” lásán, ẹ kọ apá ibi tó jẹ́ ní etíkun náà. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ẹ kọ ẹni tó ṣà á. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìgò, ẹ má fi sínú rẹ̀. Hóró tí kò ní àkọsílẹ̀ kò wúlò fún onímọ̀ kankan, bó ti wù kó ṣọ̀wọ́n tó. Bí ẹ bá rí èyí tí ẹ kò mọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ Natural History Museum ní South Kensington bóyá wọ́n lè bá yín wò ó. Ẹ ya fọ́tò tó mọ́, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣé mo lè tà á?

Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹni tó sì rà á kì í sábàá mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ mi fẹ́ bá mi lọ. Ṣé kí n mú un dání?

Ẹ mú un dání. Ojú ọmọdé mú, wọ́n sì sún mọ́ ilẹ̀ jù wá lọ. Apá Minster nìkan ni kí ẹ wà, kí ọwọ́ yín tó o nígbà gbogbo, kí ẹ sì kọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé a kì í sún mọ́ òkè.

Ṣé irú rẹ̀ wà nílé?

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, kò sí. Àpáta Olúmọ, òkè Ìdànrè àti àpáta abẹ́ Ìbàdàn ti wà kí igi kankan tó wà láyé. Inú iná abẹ́ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde, ẹ má wulẹ̀ wá fọ́sìlì níbẹ̀. Apá gúúsù ló yàtọ̀. Òkúta ẹfun Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, inú òkun àtijọ́ ló ti wá, ó sì kún fún ìkarahun àti akàn. Ti ewéko, ẹ lọ sí Enugu: èédú ibẹ̀ fúnra rẹ̀, igbó àtijọ́ ni. Ilé iṣẹ́ aládàáni àti ibi ìwakùsà ni púpọ̀ nínú ibi wọ̀nyí, nítorí náà ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wọlé.

Mo fẹ́ gbé díẹ̀ lọ sí Èkó fún ilé ìwé tí mo lọ. Ṣé yóò dúró?

Bí ẹ bá gbé e lọ lásán, ọ̀rinrin Èkó yóò pa á kíákíá. Inú silicone oil ni kó ti lọ, nínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le, kí àkọsílẹ̀ wà lára ìgò náà, kí ẹ sì fi ìgò òróró kékeré mìíràn tì í fún olùkọ́, kó lè máa bu sí i bó bá ń fà. Ẹ gbé e sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú òróró tó pọ̀ kò ṣeé gbé wọlé lọ́wọ́. Ẹ fún wọn ní Nypa, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ Calabar fún àwọn ọmọ náà.